Báwo ni mo ṣe lè fi Bràsíl han àwọn arìnrìn-àjò tí kò tíì dé ibẹ̀ rí?

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn) béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń dá owó jọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a sì ti fẹnu kò pé Bràsíl ni a ó fi owó náà lọ. Àwa mẹ́rìnlá ni a ń lọ. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 58, ẹni tí ó dàgbà jù sì ti pé ọmọ ọdún 71. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ní, oṣù Keje ọdún tí ń bọ̀ ni a sì fojú sí. Nítorí pé èmi ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, èmi ni wọ́n ní kí n dúró níwájú ẹgbẹ́ fún wákàtí kan, kí n ṣàlàyé orílẹ̀-èdè náà fún wọn kí a tó san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé olúkúlùkù ló ti ní Bràsíl tirẹ̀ lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ dé Salvador nítorí pé Pereira ni orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Òmíràn ní bí òun kò bá fojú kan odò Amazon, ó sàn kí òun jókòó sílé. Ẹnì kẹta ń béèrè omi ńlá tí ń ya lulẹ̀ ní ẹnubodè Argentina, ẹnì kẹrin sì ń fẹ́ ya àwòrán lábẹ́ ère Jésù ní Rio. Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, akápò wa dábàá pé kí a háyà bọ́ọ̀sì kan ní Salvador, kí ó gbé wa gba Rio kọjá títí dé Manaus, kí a lè rí gbogbo ìlú náà láti ojú fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ sọ ìdí tí kò fi lè ṣeé ṣe, mo rí i pé iye tí mo ń kà kò wọ ẹnikẹ́ni létí. Mo ní ilẹ̀ Bràsíl fẹ̀ tó mílíọ̀nù 8.5 kìlómítà onígun mẹ́rin. Wọ́n ní, "Háà!" Wọ́n sì padà sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì wọn.

Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, níbo ni ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ dúró níwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Èwo ni kí a yọ kúrò nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí? Ṣé oṣù Keje sì dára?


Ará Bahia Tẹ́lẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò, sà. Mo lo ọdún méjì ní yunifásítì kan ní Salvador, mo sì máa ń fi gbogbo ìsinmi mi rìn káàkiri. Àṣìṣe tí akápò yín ń ṣe, èmi náà ṣe é ní oṣù kìíní tí mo débẹ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì láti Salvador lọ sí Rio pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé tí mo bá sùn lóru kan, ilẹ̀ yóò mọ́ bá mi níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú, a ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ má fi iye kìlómítà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ mú fọ́nrán òwú kan dání. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ ayé tí ó fi Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà hàn pọ̀, kí ẹ gé òwú náà bí Èkó ti jìnnà sí Kano tó lórí rẹ̀, kí ẹ wá fún akápò fúnra rẹ̀ kí ó fi wọn Bràsíl láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Òwú náà yóò ká lọ, yóò máa ká lọ, kò ní tètè tán. Ilẹ̀ náà tó ìlọ́po mẹ́sàn-án Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ tó tiwa, nítorí ètò ìkànìyàn ọdún 2022 kà wọ́n sí bíi mílíọ̀nù 203, etíkun ni púpọ̀ nínú wọn sì rọ̀ mọ́. Èyí ni ó fà á tí ènìyàn fi lè rin ìrìn ọjọ́ kan nínú ilẹ̀ náà láìrí ju màlúù àti oko sóyà lọ. Láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, sóyà ni wọn yóò rí jù.

Ní ti Manaus, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún yàtọ̀. Igbó àti odò ló yí i ká. Ọ̀nà tí ó dára jù tí ó jáde níbẹ̀ kọrí sí àríwá, sí ìhà Venezuela, èyí tí ó yẹ kí ó so ó pọ̀ mọ́ gúúsù, tí wọ́n ń pè ní BR-319, sì jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán ní ibi púpọ̀, tí ó ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tí kò bá wọ bàálù lọ, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ láti Belém, yóò so ibùsùn aláṣọ rẹ̀ kọ́ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò, yóò sì wà lórí odò fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà.

Lẹ́yìn òwú, ẹ sọ̀rọ̀ omi fún wọn. Ìjọba Bràsíl pín ilẹ̀ náà sí agbègbè márùn-ún, ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n láti inú iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò kì í rántí ìpín ìjọba. Ohun tí ó máa ń rántí ni ibi tí omi gbé pọ̀ àti ibi tí kò sí. Ní àríwá, igbó kìjikìji ni, omi ni títì wọn. Ní àárín ilẹ̀ ìlà-oòrùn àríwá, ilẹ̀ gbígbẹ ni, àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún ibẹ̀ máa ń wọ́wé tí igbó náà yóò fi funfun, ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ fi pè é ní caatinga, èyí tí ó túmọ̀ sí igbó funfun ní èdè Tupi. Ẹni tí ó bá ti gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin yóò dá ilẹ̀ ọ̀dàn àárín Bràsíl mọ̀, nítorí igi kúkúrú wíwọ́ àti ilẹ̀ pupa ni òun náà. Pantanal ni irà tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ olóoru gbogbo àgbáyé. Ní gúúsù pátápátá, àwọn ọmọ Jámánì àti Ítálì ló tẹ̀dó síbẹ̀, òtútù sì máa ń mú débi tí yìnyín fi ń bo koríko ní òwúrọ̀ oṣù Keje.

Èyí ni ó gbé mi dé orí oṣù tí ẹ mú. Mo rọ̀ yín, ẹ sún un sí oṣù Kẹjọ. Ìdí mi kìíní ni pé oṣù Keje ni ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì a sì gbẹ́nu sókè. Ìdí kejì ni pé òjò Salvador tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin kì í fẹ́ tán kí oṣù Keje tó parí. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá dé, Salvador ti ń gbẹ, Pantanal ti gbẹ tán, èyí tí ó dára fún rírí ẹranko, àwọn adágún omi tí òjò fi sílẹ̀ sáàárín òkìtì yanrìn Lençóis Maranhenses kò sì tíì gbẹ. Ibi tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè lọ, ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Yanrìn funfun ni títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, omi aró àti omi ewéko sì kún inú kòtò kọ̀ọ̀kan. Àjọ UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2024 ni.

Ibi mẹ́rin péré ni kí ẹ lọ, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó ẹrù láti ìlú kan sí òmíràn, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn, pàápàá fún èèyàn mẹ́rìnlá.


Ọmọ Àgùdà (Ìsàlẹ̀ Èkó) dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òwú yẹn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ ka Salvador bí ọ̀kan ṣoṣo nínú ibi mẹ́rin tí a ó pín ọjọ́ fún dọ́gbadọ́gba. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó yẹ kí ẹ lò níbẹ̀. Ibòmíràn, ẹ ń lọ wò ó ni. Ibẹ̀ yẹn, wọn yóò wò yín padà.

Salvador ni olú-ìlú Bràsíl láti ọdún 1549 títí di 1763, èbúté rẹ̀ sì ni wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn baba wa gúnlẹ̀ sí nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê dìde ogun níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìmàle tiwa náà ni ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣẹ́gun wọn, wọ́n lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wá láàárín àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n di Àgùdà ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Pọ́tónófò àti ní Ouidah. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ọ. Fréjọ̀n tí a ń sè ní ìdílé wa lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, feijão tiwọn ni. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ Salvador fún ẹgbẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ kó wọn wá sí Popo Àgùdà fún ọ̀sán kan, kí wọ́n wo fèrèsé àti òrùlé ilé tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ní Salvador, wọn yóò rò pé àwọn ti wá síbẹ̀ rí.

Oúnjẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Obìnrin tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó jókòó ti agbada epo pupa ní orígun òpópónà, acarajé ni ó ń tà. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a gbò dáadáa, tí a sì ń fi ìpọn dà sínú epo gbígbóná, ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá? Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n máa ń la àkàrà náà, tí wọ́n á fi ọbẹ̀ vatapá àti edé gbígbẹ sí àárín rẹ̀. Abará jẹ́ ẹ̀wà kan náà tí a pọ́n sínú ewé tí a sè, acaçá sì jẹ́ ẹ̀kọ. Caruru ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ ilá, ní oṣù Kẹsàn-án sì ni wọ́n máa ń sè é fún àwọn Ìbejì, tí ọmọ kékeré méje yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti ilé òrìṣà, ẹ ṣọ́ra. Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Casa Branca, ni ìjọba Bràsíl kọ́kọ́ gbà sínú àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà nínú gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1984, Ìyá Nàsó sì ni oyè ìyá tí ń bójú tó Ṣàngó ọba ní ààfin Ọ̀yọ́. Òpó Àfọ̀njá tún wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú kan béèrè fún yín kí ẹ tó lọ, ẹ wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ tí kò dúdú, ẹ má yọ fóònù jáde rárá láti ya àwòrán. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ létí jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró síwájú ìyálórìṣà, kí ó máa tún ohùn orin rẹ̀ ṣe. Mo ti rí ọkùnrin kan láti ilé wa tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ojú sì tì mí débi pé ẹnu mi kò lè bẹ̀bẹ̀. Orin tí wọ́n fi pa mọ́ sẹ́nu nígbà tí ọlọ́pàá ń fọ́ ìlù wọn, ta ni àwa tí a óò wá máa kọ́ wọn ní àmì ohùn?

Bí ẹ bá sún ìrìn-àjò yín sí oṣù Kẹjọ lóòótọ́, ẹ rí i pé ẹ wà ní Bahia ní àárín oṣù náà. Ìlú Cachoeira kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà sí Salvador, ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Boa Morte, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin aláwọ̀ dúdú, ti ń ṣe ọdún wọn lákòókò yẹn.


Oníṣòwò São Paulo dáhùn pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí. Àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ṣáájú ti ṣe é dáadáa, èmi yóò sọ ti àpò àti ti ìwé.

Ẹni tí ó mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà. Ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn wà ní Abuja, wọ́n sì ní èyí tí ó wà ní Èkó pẹ̀lú. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di oṣù tí ó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ wo omi Iguaçu láti ìhà Argentina, ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni ẹ ń wọ̀, físà mìíràn ni, físà Bràsíl tí ẹ gbà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó fàyè gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ dúró sí ìhà Bràsíl. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, bí omi 275 tí ń já láti ojú àpáta kan náà, ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀ sì gbé ènìyàn dé ibi tí ìrì omi náà yóò ti rin aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yóò mọ ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ di púpọ̀ púpọ̀ lọ́kàn.

Ẹ gba àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, kí káàdì rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìrìnnà yín. Ẹ má kó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan wá. Orí òkè ni São Paulo wà, ó ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 760, òru oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ibẹ̀ le ju ọyẹ́ Ìbàdàn lọ. Iná mànàmáná náà kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú: ní Salvador, Rio àti São Paulo, fóòtì 127 ni ẹ óò bá níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ní Brasília tàbí Recife, 220 ni. Níbi tí ó ti jẹ́ 127, áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé láti ilé yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ihò mẹ́ta róbótó ni ojú iná wọn ní, ẹ ra ohun tí yóò so ó pọ̀ mọ́ tiyín.

Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀ bí ẹ ti rò, kódà ní òtẹ́ẹ̀lì. Kí ènìyàn méjì nínú yín kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò máa béèrè nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní CPF. Àlejò náà lè gbà á, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú nígbà tí ẹ bá ń ṣe físà. Ẹ má sì máa di fóònù mú gbangba ní títì. Wọ́n já tèmi gbà lọ́wọ́ mi láàárín ìgboro níbí, níbi tí mo ti ń wo ọ̀nà ilé àwọn tí mo fẹ́ kó aṣọ fún, láàárọ̀ kùtù.


Tísà Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn) kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gbé òwú náà dé ìpàdé lánàá. Akápò fúnra rẹ̀ ni mo fún kí ó wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá mo ti gé òwú náà kúrú jù, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ti kú. A ti gbà láti lọ ní oṣù Kẹjọ, a sì ti gbà pé Salvador ni yóò gba ọjọ́ jù.

Ó ku ìjà kan. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ń fẹ́ Amazon kò gbà pé kí a yọ ọ́. Àwọn yòókù ní kí a lọ sí Pantanal dípò rẹ̀ nítorí ẹranko. N kò mọ èyí tí mo lè gbè lẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta nínú wa ni orúnkún ń dùn, ẹnì kan sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.


Arìngbó dáhùn pé:

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko igbó ni mo kọ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ibi méjèèjì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ sí Amazon láti rí ẹranko máa ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Igi ibẹ̀ ga, ewé rẹ̀ dí, ẹranko wà lókè lórí tí ẹ kò lè rí i. Omi ni ènìyàn ń lọ wò ní Amazon. Ní Manaus, odò Negro tí ó dúdú bí omi àgbo àti odò Solimões tí ó pọ́n nítorí ẹrẹ̀ tí ó ń gbé bọ̀ láti orí òkè Andes máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà kí wọ́n tó dàpọ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń yára, bí wọ́n ṣe tutù àti bí wọ́n ṣe wúwo kò bára mu. Ẹ lè ki ọwọ́ bọ omi láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ẹ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ré kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje tí omi kún, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè gba àárín ẹ̀ka igi kọjá níbi tí ó jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ ní oṣù Kẹwàá, ìyàtọ̀ láàárín àkókò méjèèjì sì máa ń tó mítà mẹ́wàá. Ní ọdún 2023 àti 2024, ọ̀dá mú kí odò Negro fà sẹ́yìn ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ, tí àwọn abúlé kan kò fi rí ọkọ̀ tí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Pantanal jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Gbangba ni, kò sí igbó tí yóò bo ojú yín. Nígbà tí omi rẹ̀ bá fà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ẹranko a kó ara jọ sí ìwọ̀nba adágún tí ó kù. Láti Cuiabá, ẹ óò lọ sí Poconé, ibẹ̀ ni ọ̀nà Transpantaneira ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 145 kìlómítà ilẹ̀ lásán pẹ̀lú afárá tí ó lé ní 100, tí ó parí sí etí odò ní Porto Jofre. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ óò máa ka ọ̀nì títí ìka yóò fi sú yín. Capybara jọ òyà, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè wúwo tó kílò 60, ẹ sì sọ fún àwọn ọdẹ inú yín kí wọ́n gbé ojú wọn kúrò níbẹ̀. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni àsìkò tí ó dára jù láti fi ọkọ̀ ojú omi wá jaguar ní Porto Jofre, ẹranko tí ó jọ àmọ̀tẹ́kùn ṣùgbọ́n tí ó ki jù ú lọ, tí ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ pa ọ̀nì jẹ. Ní ọdún 2020, iná jó apá tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ẹ ó ṣì rí kùkùté dúdú níbi púpọ̀.

Amazon ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n fún orúnkún mẹ́ta àti oṣù Kẹjọ, Pantanal ni. Jíjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà tí púpọ̀ nínú ilé àlejò inú igbó Amazon máa ń ní àkàbà gíga láti èbúté nígbà tí omi bá ti fà. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bi dókítà rẹ̀ léèrè nípa oòrùn, nítorí ọ̀sán Cuiabá kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo yín sì mú súwẹ́tà kan lọ́wọ́, nítorí pé atẹ́gùn tútù láti gúúsù lè já wọ ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tí ẹ óò máa gbọ̀n nínú irà.


Tísà Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn) kọ pé:

A ti parí rẹ̀. São Paulo ni a ó balẹ̀ sí, a ó lo òru méjì fún ìsinmi, lẹ́yìn náà Foz do Iguaçu fún òru mẹ́ta ní ìhà Bràsíl nìkan, Pantanal fún òru mẹ́rin, Salvador àti Cachoeira fún òru mẹ́jọ, Rio fún òru mẹ́ta kí a tó padà. Ẹni tí ó fẹ́ ère Jésù ti dákẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ti Amazon ní òun yóò fi owó ara òun ṣáájú wa lọ sí Manaus fún ọjọ́ mẹ́fà, òun yóò sì pàdé wa ní São Paulo. Ìyàwó akápò wá ń béèrè bóyá kí àwọn gbé gàrí dání nítorí Pantanal.


Arìngbó dáhùn pé:

Ó dára tí ó bá ṣáájú, nítorí pé bí oṣù Kẹjọ bá ṣe ń lọ ni omi ń fà. Kí ó yan ilé àlejò tí ó wà lórí odò Negro, kì í ṣe ti Solimões, nítorí omi dúdú yẹn kan díẹ̀, ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Kí ó sì yí aago rẹ̀ padà: wákàtí márùn-ún ni Nàìjíríà fi ṣáájú Manaus àti Cuiabá, mẹ́rin ni ó fi ṣáájú Salvador. Mo ti rí àwọn tí bàálù fi sílẹ̀ nítorí wákàtí kan yẹn.

Ẹ sọ fún ìyàwó akápò pé kí ó fi gàrí rẹ̀ sílẹ̀ sílé. Farinha, ìyẹn gàrí tiwọn, wà lórí gbogbo tábìlì ní Bràsíl, wọ́n ń wọ́n ọn sórí ẹ̀wà, sórí ẹja, sórí ẹran. Bí ọ̀rẹ́ yín bá rí tí àríwá rà ní Manaus, tí ó pọ́n, tí ó ní hóró líle, kí ó bá wọn ra kílò méjì dání wá sí São Paulo.